Alábàárù Inú Sẹ́ẹ̀lì

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan ládùúgbò wa yà sílé mi. Ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, bébà èsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní mo ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù o." Bó ṣe sọ ọ́, àfi bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ejò ti wọ yàrá rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jókòó ná, Mà. Èmi náà ní in. Ọmọ-ọmọ yín tó ń sùn lẹ́yìn yín yẹn ní in. Ẹni tí kò bá ní in kò lè wà láàyè." Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lọ́jọ́ náà ni mo gbé wá síwájú yín láàárọ̀ yìí.

Òótọ́ ni pé bí nǹkan yìí bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì lè fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Àwọn dókítà ti ń sọ ìyẹn fún wa tipẹ́. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara wa. Irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n ọkùnrin, nǹkan oṣù obìnrin, oyún tó dúró títí tó fi di ọmọ, iyọ̀ tí ara kò jẹ́ kó bá ìtọ̀ lọ, okun tí ẹ fi ń dìde nígbà tí ibà dá yín dúbúlẹ̀: inú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni họ́mọ̀nù tó wà nídìí gbogbo wọn ti jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nǹkan bí ọdún 1815 ni onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Michel Eugène Chevreul, fún un lórúkọ. Inú òkúta tó máa ń wà nínú àpò òróòro ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ìdí nìyẹn tó fi mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ọ̀kan túmọ̀ sí òróòro, èkejì túmọ̀ sí ohun tó le, tó sì so wọ́n pọ̀. Orúkọ àìsàn ni wọ́n sọ ọ́ láti ọjọ́ ìkómọ, bóyá ìyẹn náà wà lára ohun tó fi ń ba èèyàn lẹ́rù.

Bó ṣe rí nìyí: òrùka mẹ́rin tó so kọ́ra, pẹ̀lú ìrù gígùn kan. Átọ̀mù kábọ́ọ̀nù 27 ló wà nínú rẹ̀. Bí ara bá fẹ́ fi ṣe họ́mọ̀nù, ìrù yẹn ni yóò kọ́kọ́ gé. Átọ̀mù 6 á bá ìrù lọ, á ku 21. Inú èyí tó kù ni ara ti ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù tó ń gbé wa ró nígbà ìṣòro, àti pirojẹ́sítẹ́róònù tó ń di oyún mú. Bí ó bá tún gé e dé 19, a rí tẹsitósítẹ́róònù tí à ń pè ní ti ọkùnrin. Bí ó bá gé e dé 18, a rí ẹ́sítírójìn tí à ń pè ní ti obìnrin. Nínú ara obìnrin pàápàá, láti inú ti ọkùnrin yẹn ni ara ti ń ṣe ti obìnrin. Kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló fi dín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀. Gígé kọ́ ni iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Gbígbé ni.

Ẹbí ọ̀rá ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, omi ló pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń se ọbẹ̀ mọ̀ pé bó ti wù kẹ́ ẹ ro epo mọ́ omi tó, epo á padà léfòó. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kò lè dá rìn nínú omi. Ibikíbi tó bá ń lọ, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ rù ú. Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí lọ́jà Bódìjà n'Íbàdàn, tàbí ní Mile 12 l'Ékòó, bí ọkọ̀ ata bá dé láàárọ̀. Ata tó kún inú ọkọ̀ kò tíì di ọjà títà, àfi bí alábàárù bá gbé e dé ìsọ̀. Bí àwọn alábàárù bá fi lè daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ata á jẹrà sínú ọkọ̀, ẹni tó fẹ́ rà á á sì dúró níwájú ìsọ̀ tó ṣófo. Ẹ fi àpèjúwe yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Nínú ẹ̀jẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kiri jù ni èyí tí wọ́n ń kọ LDL sí lórí bébà àyẹ̀wò yín. Láwọn ọdún 1970, ní Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dókítà méjì, Michael Brown àti Joseph Goldstein, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìdí tí LDL fi ga kọjá ààlà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé kan, tó fi di pé àrùn ọkàn ń kọ lù wọ́n ní kékeré. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì ní nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà tó dà bí ọwọ́, tó ń na mú ọkọ̀ LDL tó bá ń kọjá, tó sì ń fà á wọlé. Ọwọ́ yẹn ni kò sí lára àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ọkọ̀ ń kọjá, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ọdún 1985 ni àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń múra láti bi mí nípa epo pupa, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí. Kò sí epo tí a fún láti ara igi tàbí ohun ọ̀gbìn tó ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ṣeé kà, ìbáà jẹ́ epo pupa, ìbáà jẹ́ òróró ẹ̀pà. Ẹni tó bá kọ ọ́ sára ike òróró pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kò parọ́, àmọ́ kì í ṣe òróró tirẹ̀ nìkan ni kò ní. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni ọ̀rá tó máa ń dì, irú èyí tó wà nínú ọ̀rá màlúù, tó sì pọ̀ díẹ̀ nínú epo pupa náà. Bí a bá ń jẹ ẹ́ lájẹjù, ó ń dín iye ọwọ́ tí ẹ̀dọ̀ fi ń mú LDL kù.

Ó dáa. Ọkọ̀ ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á darí rẹ̀ sínú àpò kékeré kan tí omi kíkan wà nínú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù. Wọ́n á fọ́ ọkọ̀ náà wẹ́wẹ́, wọ́n á yọ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jáde. Alábàárù kan tí wọ́n ń pè ní NPC2 á gbà á nínú omi àpò yẹn, á gbé e fún èkejì rẹ̀, NPC1, tó dúró sára ògiri, òun ni yóò sì mú un kọjá síta. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń bí láìní NPC1 tó dára. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù á há sínú àpò yẹn, á máa pọ̀ sí i, ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ ọmọ náà á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí NPC1 yìí, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa náà ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé òun gan-an ni kòkòrò Ẹ̀bólà ń dì mọ́ láti fi wọ ààrin gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn tí NPC1 wọn bàjẹ́, Ẹ̀bólà kò rí i gbé ṣe. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Keje ọdún 2014, Ẹ̀bólà bá ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó. A ò gbàgbé Dókítà Ameyo Adadevoh, tó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn tó gbé e wá kò ní kúrò nílé ìwòsàn, tí àrùn náà sì pa òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Lójoojúmọ́ ni alábàárù yìí ń gbé ọ̀rá fún wa láìsọ̀rọ̀, òun náà sì ni ilẹ̀kùn tí ọ̀tá gbà wọlé. Mi ò lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí n má dárúkọ obìnrin náà.

Lẹ́yìn tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bá jáde nínú àpò yẹn, sẹ́ẹ̀lì kò lè jẹ́ kó máa rìn gbéregbère. Bó bá pọ̀ jù láìdì, májèlé ló ń dà. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì á so ọ̀rá mìíràn mọ́ ọn, á dì í, á sì kó o jọ sínú nǹkan róbótó-róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Àká rẹ̀ nìyẹn. Lókè kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ẹran kékeré kan wà tó jókòó bíi fìlà, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gíráàmù mélòó kan lọ. Bí wọ́n bá là á, ìpele òde rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀bà tí wọ́n fi epo sí. Ọ̀rá tó wà nípamọ́ nínú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ló fún un láwọ̀. Ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù. Irú àká bẹ́ẹ̀ wà nínú kórópọ̀n ọkùnrin àti nínú ilé ẹyin obìnrin pẹ̀lú.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì ń kó ọ̀rá pa mọ́, tí kò kúkú ṣe họ́mọ̀nù sílẹ̀ kó wà ní sẹpẹ́? Ìbéèrè gidi ni. Họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì, sẹ́ẹ̀lì ń ṣe é sílẹ̀, ó ń pa á mọ́ sínú àpò. Ṣùgbọ́n họ́mọ̀nù tó bá ti ara kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jáde, ọ̀rá lòun náà, ọ̀rá sì ni wọ́n fi mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá ṣe é tán, á kàn gba ara ògiri jáde ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi. Ohun tó ṣeé kó pa mọ́ ni ohun tí wọ́n á fi ṣe é. Bí ìpè bá dé, wọ́n á ṣe é lójú ẹsẹ̀.

Báwo wá ni ìpè ṣe ń dé? Ẹ jẹ́ ká ní ẹ wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tírélà kan ṣàdédé dábùú níwájú yín, dírẹ́bà sì já bíréèkì lé e. Àyà tó kọ́kọ́ já yẹn, họ́mọ̀nù mìíràn ló ni ín. Àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹran kékeré kan tó so rọ̀ nísàlẹ̀ ọpọlọ, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. ACTH ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Bí ó bá ti kan ẹran orí kíndìnrín lára, wọ́n á ṣí àká, wọ́n á tú ọ̀rá tí wọ́n dì, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù á sì bọ́ síta.

Ibi tí wọ́n ti ń gé ìrù rẹ̀ kò jìnnà. Inú mitokọ́ńdíríà ni, ibi tí àwọn ọmọ iléèwé mọ̀ sí ilé agbára sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ògiri méjì ni ilé yẹn ní, omi sì wà láàárín wọn. Ara ògiri inú ni ẹ̀rọ tó ń gé ìrù wà. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù á dé ara ògiri òde, á dúró. Ó kù díẹ̀ kó débẹ̀, díẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, àmọ́ omi ni, kò sì lè dá a kọjá. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, gbogbo ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú, so kọ́ ibi kóńkóló yìí.

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ ti fura pé alábàárù kan ní láti wà níbẹ̀. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá dá sẹ́ẹ̀lì lẹ́kun kó má ṣe purotéènì tuntun, họ́mọ̀nù á dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń gé ìrù ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ẹni tó ń gbé ẹrù wá ni kò sí mọ́, kì í sì í pẹ́ láyé. Ó gbà wọ́n tó ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó rí i mú. Ní ọdún 1994, ní Lubbock, ní Texas kan náà, Barbara Clark àti Douglas Stocco pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn rí i nínú sẹ́ẹ̀lì kórópọ̀n eku. Wọ́n sọ ọ́ ní StAR. Wọ́n ti ṣírò pé ẹyọ StAR kan lè mú tó 400 ẹyọ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹnu ọ̀nà, lára ògiri òde, ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ti wọlé tán, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn, tuntun ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe.

Ọdún kejì, 1995, ni ayé tó mọ bí alábàárù yìí ti ṣe pàtàkì tó. Àìsàn kan wà tí oníṣègùn Andrea Prader àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàpèjúwe ní ilẹ̀ Switzerland lọ́dún 1955. Wọ́n á bí ọmọ, kò ní pẹ́ tí á fi máa bì, iyọ̀ á máa bá ìtọ̀ rẹ̀ lọ, á rọ jọwọrọ, bí wọn ò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, á kú. Bí wọ́n bá wo ẹran orí kíndìnrín rẹ̀, ó tóbi, ọ̀rá kún inú rẹ̀ bámúbámú. Àká kún, kò sì sí họ́mọ̀nù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀rọ tó ń gé ìrù ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó bàjẹ́. Walter Miller àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní San Francisco ló wá fi hàn pé ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan. StAR ni kò sí. Ata wà nínú ọkọ̀, ìsọ̀ ṣófo.

Ọkàn mi kì í kúrò lára àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ọmọ tó jẹ́ ọkùnrin nínú wọn, nítorí pé tẹsitósítẹ́róònù kò jáde nígbà tó wà nínú oyún, bí wọ́n bá bí i, ojú ara obìnrin ló máa ń ní. Àwọn obìnrin inú wọn ńkọ́? Ilé ẹyin wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìpè títí wọ́n á fi bàlágà, torí náà ọ̀rá kò tíì kún inú rẹ̀ débi tí yóò bà á jẹ́. Àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù bí ọmọbìnrin yòókù, nítorí pé díẹ̀ nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù máa ń rí ọ̀nà yọ́ kọjá láìsí alábàárù. Ẹran orí kíndìnrín wọn ni kò rí irú àǹfààní yẹn. Ọpọlọ ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, ó ń fa ọ̀rá wọlé sí i, kò rí i gbé kọjá, títí ọ̀rá fi run sẹ́ẹ̀lì náà. Ohun tí wọ́n kó pa mọ́ fún ìgbà ìpọ́njú ló pa wọ́n.

Oògùn wà fún wọn lónìí o. Bí dókítà bá tètè mọ̀ ọ́n, tó fún ọmọ náà ní họ́mọ̀nù tó ṣaláìní, ọmọ á dàgbà.

Àwọn kan á ní, bí ọmọ kò bá ní StAR, báwo ni oyún rẹ̀ ṣe dúró, nígbà tó jẹ́ pé pirojẹ́sítẹ́róònù ló ń di oyún mú? Ibi ọmọ kì í lo StAR ni. Ó ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọlé, inú LDL ìyá ló sì ti ń rí èyí tó pọ̀ jù gbà.

Ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bi mí ní ìbéèrè kan kó tó lọ. Dókítà ti fún un ní oògùn tí yóò dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù, ó sì ń bẹ̀rù pé bóyá á pa họ́mọ̀nù òun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì lè ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, ó lè gbà á nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ní àká. Oògùn yẹn, ní ìwọ̀n tí dókítà máa ń kọ fún èèyàn, kì í gbẹ orísun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán.

Ohun tó ń kó ẹ̀rù bá èmi kò sí nínú bébà tí ìyá mú wá. Ó wà nínú ọjà wa. Ọpọlọ kì í dédé fi ACTH ránṣẹ́. Ó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí kọ́tísọ́ọ̀lù bá tó, á dákẹ́. Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa ń fi dexamethasone sanra kí ìdí wọn lè yọ. Àwọn kan ń fi ìpara ìbóra tí sítẹ́rọ́ọ̀dù líle wà nínú rẹ̀ pa gbogbo ara láti ọdún dé ọdún. Àwọn kan ń ra prednisolone lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn nínú mọ́tò, nítorí oríkèé tó ń ro wọ́n. Ọmọ ìyá kọ́tísọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn, sítẹ́rọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọpọlọ á tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, á rí i pé ó ti kún, á sì dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, a kò ní pe alábàárù mọ́, ẹran orí kíndìnrín á sì sún kì. Lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá wá já oògùn yẹn sílẹ̀ lójijì, tí ibà líle dé, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ara á pè, kò sì ní sí ẹni tó máa dáhùn. Ìfúnpá á já wálẹ̀, á máa bì, ó lè dákú, ó lè kú.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Bí ẹ bá ti ń lo ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí láìsí dókítà níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé ike ìpara náà tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn náà dání, ẹ lọ sílé ìwòsàn, ẹ sọ fún dókítà iye oṣù tẹ́ ẹ ti ń lò ó, kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí dókítà bá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ fún, nítorí ikọ́ fée tàbí àìsàn mìíràn, kó máa lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, kó tó di pé wọ́n gbé yín dé orí tábìlì, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti lo sítẹ́rọ́ọ̀dù rí.